Ẹ̀jẹ̀ Mi Ga

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé yàrá tí o ń gbé kò jò mọ́? Ọlọ́run tó mú ọ dé ìlú ńlá kò ní jẹ́ kí ìlú ńlá gbé ọ mì. Àwa náà wà níbí, a ń jẹ, a ń mu, adìyẹ funfun yẹn tún ti sàba sínú agbọ̀n aṣọ mi, mo sì ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ìròyìn tó mú mi jókòó kọ̀wé ju ti adìyẹ lọ.

Pásítọ̀ ló kéde pé ṣọ́ọ̀ṣì wa àti ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ti dòwò pọ̀, pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa wá tọ́jú wa kí wọ́n lè fi wá kọ́ṣẹ́. Wọ́n fi aṣọ àwọn akọrin kọ́ sórí okùn, wọ́n fi pín gbọ̀ngàn sí yàrá-yàrá. Èyí tó kàn mí nínú àwọn ọmọ náà, ọmọ pẹ̀lẹ́ ni, àmọ́ èdè wa kò tíì jinná lẹ́nu rẹ̀. Ó wé nǹkan mọ́ mi lápá, nǹkan náà ń wú, ó ń fún mi mọ́ra bíi mọ̀lẹ́bí tí a kò tíì ríra tipẹ́. Ó wá ki okùn bọ etí, ó fi ìdí okùn náà kàn mí láyà, ó ń gbọ́ ohun tí ọkàn mi ń sọ. Mo sáré lé ọ̀rọ̀ ìyàwó pásítọ̀ kúrò lọ́kàn, kó má lọ gbọ́ ọ.

Ojú ọmọ náà bá yí padà. Ó pe olùkọ́ wọn, wọ́n tún un wọ̀n ní apá kejì, ìyẹn mirí. Ọmọ náà wá di ọwọ́ mi mú, ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ga, ó ga gan-an ni.

O mọ̀ pé n kì í fọ́nnu, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń fura. Ká ní ó sọ pé ó ru ni, ẹ̀rù ìbá bà mí, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru ló dá ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni kó ru, ọ̀tọ̀ ni kó ga. Ìyá aránṣọ tó jókòó tẹ̀ lé mi, wọ́n ní tirẹ̀ wà déédéé, kò lọ sókè, kò sọ̀ kalẹ̀. Mo fi àánú wò ó, mo ní kó máa gbàdúrà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti dà bí ẹni tó ń lá àlá. Tí mo bá dìde, ilẹ̀ á rọra máa lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ìràwọ̀ á máa tàn lójú mi lọ́sàn-án gangan. Ta ló sì gun òkè tí òòyì ò kọ́? Lánàá, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo rí bàbá rẹ olóògbé tó ń bọ̀ láti ìdí kànga, ó tẹ fìlà rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bó ti máa ń ṣe, ó ní ṣé mo ti múra. Mo ní kó ní sùúrù, mo fẹ́ kọ̀wé sí ọmọ wa. Inú mi dùn pé mo rí i.

Wọ́n fún mi ní oògùn, pé kí n máa lo hóró kan láràárọ̀, pé yóò mú un wálẹ̀. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi wà nílẹ̀, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ga, kí ni mo fẹ́ wálẹ̀ ṣe? Mo kó wọn sínú ife tí o fi ránṣẹ́. Ọmọ náà wá sílé, ó rí i pé mi ò fọwọ́ kàn wọ́n, ó kúnlẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ń bẹ̀ mí bí ẹni pé èmi ni mo bí i. Ó ní kí n kọ̀wé pè ọ́ kíákíá. Mo ní o níṣẹ́, ọ̀gá rẹ sì le. Ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ ṣe mí, a bá ṣàdéhùn. Mo fẹ́ kí ìwọ náà fojú rẹ rí bí mo ṣe ga, ọjọ́ tí o bá dé ni n óò gbé hóró àkọ́kọ́ mì. Nítorí náà, má kánjú.

Tí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́ kí n fi ra àga tó ní ìgbápálé, kò bójú mu kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga máa jókòó lórí àpótí. Fojú fo ọ̀rọ̀ tó bá wọ́, ìlà inú ìwé yìí ló ń sún. Ọlọ́run á ṣọ́ àtilọ àtibọ̀ rẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ mi ṣe ga tó yìí, tìrẹ á ga jù ú lọ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ń dúró dè ọ́ lókè.