Pákó Tí Kò Ní Ìṣó

Ẹ kú ilé o, Bàámi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Agbowó níbí, mo kúnlẹ̀ kí Màámi pẹ̀lú. Ẹ bá mi kí Bùọ̀dá Délé tó ń bá yín fa ayùn. Ṣé orúnkún yẹn kò yọ yín lẹ́nu mọ́?

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ kò ti gbé fóònù mi. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bó ti wù kí iṣẹ́ pọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ó jókòó ka ìwé ìròyìn Yorùbá láti iwájú dé ẹ̀yìn, títí kan ìkéde òkú. Mo bá ní kí n lọ dúró dè yín níbẹ̀.

Gbogbo Ṣakí ló mọ̀ pé ọ̀gá akọrin ìjọ aládùúrà wa ni yín kí ẹ tó jẹ́ káfíńtà. Lọ́jọ́ tí mo wálé wá sọ fún yín pé mo ti ń bá ẹgbẹ́ olórin kan kọrin n'Íbàdàn, ẹ kò pariwo. Ẹ gbé ayùn sílẹ̀, ẹ ní, "Ẹnu tí mo fi orin Olúwa kọ́, kò níí kọrin ilé ọtí kí n gbọ́ ọ." Ẹ sì mú ọ̀rọ̀ yín ṣẹ. Ẹ kò tíì gbọ́ ọ títí dòní, ó sì ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ara mi. Lọ́sàn-án, mo ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì tí ẹ mọ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń tò sí nígbà ìdánwò bí ẹni fẹ́ gba ìrẹsì ọ̀fẹ́. Ibẹ̀ ni Wálé, tó ń ta gìtá wa, ti bá mi. Ẹ̀rọ ń dún kẹ́tẹ́-kẹ́tẹ́, èmi náà ń kọrin lé e lórí láìfura. Wálé dúró gbọ́, ó lọ ilé, ó gbàgbé ìwé rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Nígbà tó padà wá mú un, ó mú àwọn méjì mìíràn dání. Níú wéèfù ni wọ́n ń pe orin wa: gìtá iná, ìlù tó ń lọ gbọnrangandan, àti kíbọ́ọ̀dù tó jẹ́ ọmọ ìyá dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì wa, àfi pé òun ti gé irun. Èmi ni mo ń ṣíwájú orin. Mi ò ní purọ́ fún yín, Bàámi, mo mọ̀ ọ́n kọ. Láti Bódìjà dé Chálẹ́ǹjì, bí mo bá la ẹnu, àwọn ènìyàn a gbé ife sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló máa ń le fún mi. Òjò a sọ títì Agbowó di odò, iná a lọ, màá wà nínú yàrá ní èmi nìkan, màá máa gbọ́ agogo ìjọ aládùúrà kan ní ẹ̀yìn ilé. Mo máa ń bá wọn kọ orin wọn wúyẹ́wúyẹ́. Mi ò tíì lè wọlé.

Ohun kan wà tí n kò lè fi sílẹ̀. Ẹ kì í jẹ́ kí á wọ bàtà wọ ibi mímọ́, nítorí náà mi ò tíì wọ bàtà kọrin níwájú èrò rí kí n tó dé inú ẹgbẹ́ yìí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a ṣeré, mo wọ bàtà, ohùn há mi lọ́fun. Mo bọ́ ọ, ohùn dé. Àwọn ọmọ Ìbàdàn rò pé fáàrí ni. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan ti ń bọ́ bàtà wá wòran wa báyìí. Ẹnì kan tiẹ̀ bi mí pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, mo ní kó lọ bi bàbá mi ní Ṣakí.

Àmọ́ ẹsẹ̀ lásán àti iná kì í ṣe ọ̀rẹ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Bódìjà, òjò ti rọ̀, ilẹ̀ tutù, jẹnẹrétọ̀ la ń lò. Bí ètè mi ṣe kan máíìkì, iná gbé mi, mo ṣubú. Nígbà tí mo lajú, Wálé ń bẹ̀ mí pé kí n máa wọ bàtà. Mo kọ̀. Ẹni tó ń ṣètò iná wa ní bí bẹ́ẹ̀ bá ni, kí n máa dúró lórí pákó gbígbẹ. Wọ́n gé ògbólógbòó ilẹ̀kùn kan fún mi, ṣùgbọ́n ẹ̀gún igi rẹ̀ ń gún mi, ó sì kún fún ìṣó, tí wọ́n ní ó lè gbé iná. Mo sọ ọ́ fún Màámi lórí fóònù, mo ní kí wọ́n má sọ fún yín. Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé wọn ó sọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, awakọ̀ kan pè mí láti gáréèjì Ṣàngó pé kí n wá gbé ẹrù mi tó ti Ṣakí dé. Mo mú àpò dání, mo rò pé èlùbọ́ ni. Pákó ni. Igi apá, tí ẹ fá títí tó fi ń dán, pẹ̀lú ẹsẹ̀ kúkúrú mẹ́rin kí omi má bàa kàn án. Awakọ̀ ní ẹ kò rán òun níṣẹ́ kankan mọ́ ọn. Mo yí pákó náà síwá sẹ́yìn, mò ń wá ìṣó, n kò rí ẹyọ kan. Èèkàn igi ni ẹ fi so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ebi ló máa pa káfíńtà tí kò bá ní ìṣó lẹ́nu! Mo jókòó sórí rẹ̀ nínú gáréèjì, mo sunkún, àwọn agbèrò ń bi mí pé ta ló kú.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, lágogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a máa ṣeré ní gbọ̀ngàn kan ní Ring Road. Kì í ṣe ilé ọtí. Orin ìkẹyìn wa ní ibi tí ohùn ìsàlẹ̀ ti yẹ kó wọlé. Kò sẹ́ni tó lè gbé e nínú wa bí ẹ ṣe máa ń gbé e nínú ìjọ, a sì fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Mo ti dúró lórí pákó yín láti dán an wò. Ìdajì ni ẹsẹ̀ mi méjèèjì gbà, ìdajì kejì ṣófo. Bàámi, láti kékeré ni mo ti ń wò yín lẹ́nu iṣẹ́, ẹ kò ṣi ìwọ̀n rí.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín àti ti Màámi sí, ọwọ́ yín kò ní gbọ̀n lórí iṣẹ́, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti àwọn akọrin. Tí ẹ bá dé, ẹ bọ́ bàtà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.

Èmi ni ọmọ yín,
Tinúkẹ́