Ilé Bàbá Mi Tàbí Òtẹ́ẹ̀lì

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ọmọ agboolé kan ní Bẹ́yẹrúnká n'Ìbàdàn ni mí, Àbújá ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a fẹ́ lọ gun òkè Àdó-Àwáyé, ká wá fi ọjọ́ díẹ̀ sinmi n'Ìbàdàn. Ibi tá a máa sùn ló dìjà.

Ọkọ mi ní òtẹ́ẹ̀lì ni. Nígbà tá a sùn nílé wa kẹ́yìn, láti ìdájí ni wọ́n ti ń kanlẹ̀kùn wá kí àna. Gbogbo wọn ni ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ fún, títí kan àwọn àbúrò mi. Ó ní, "Tí mo bá sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ara wo ni màá tún fi dọ̀bálẹ̀ fún odindi agboolé?"

Mo ti fẹ́ gbà fún un. Àfi bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe pè mí lánàá. "Wàá wá sùn ní òtẹ́ẹ̀lì, ṣé ilé bàbá ẹ jó ni?" Ó ní bàbá wa ti kó kúrò ní yàrá wọn nítorí wa, pálọ̀ ni wọ́n ń sùn báyìí.

Mi ò tíì lè sọ ọ́ fún ọkọ mi. Ẹ̀yin olùgbọ́, níbo ni ká sùn?

Bàbá mi kì í fi ètò yín ṣeré. Tí ẹ bá ti ka ọ̀rọ̀ yàrá yẹn, wọ́n á mọ̀ pé èmi ni. Ẹ ṣáà kà á, torí ẹnu mi ò gbà á láti sọ fún wọn pé kí wọ́n padà sórí bẹ́ẹ̀dì wọn.