Wàláà tí Mo Fọ̀ Ní Sàró

Ìyá mi, ẹ kú àárò mi. Ara mi le ní Sàró níbí. Ẹ̀wù tí ẹ rán fún mi ló kàn fẹ̀ jù mí báyìí, afẹ́fẹ́ òkun ni.

Lọ́jọ́ ìdánwò àtiwọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo kọ ìdáhùn kún síléètì. Nígbà tí mo há a sórí tán, mo fọ̀ ọ́ nù, bí a ti ń fọ wàláà nílé kéwú wa ní Ẹ̀pẹ́. Òyìnbó tó ń ṣe ìdánwò fún wa kò tíì kà á! Ó ní kí n máa lọ sílé.

Èmi? Mo dìde, mo kà á láti òkè délẹ̀. Ó tì mí síta. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni mo ti ń kà á láràárọ̀.

Ẹ bá mi kí Àfáà. Ẹ ní síléètì nìkan ni omi lè fọ̀.

Bàdírù yín