Àsíá Pupa Lórí Tangenziale

Mọ́ńdè, 5 Fẹ́búárì 1996
Kùrukùru bo Nichelino, ìlú òyìnbó tá a ti ń ṣiṣẹ́, látàárọ̀. Mọ́tò tó bàjẹ́ pọ̀ lórí tangenziale, títì márosẹ̀ tó yí ìlú ká. Iṣẹ́ ẹni méjì ni iṣẹ́ carro attrezzi, ọkọ̀ tó ń wọ́ mọ́tò tó bàjẹ́: ẹnìkan á wọ abẹ́ mọ́tò lọ fi ìkọ́ kọ́ ọ, èkejì á dúró lẹ́yìn, á máa ju àsíá pupa kí àwọn tó ń bọ̀ lè yà. Bọ̀ọ̀dá Oyèkọ́lá ló ń di àsíá mú. Wọ́n jù mí lọ dáadáa — ṣé kí n wá dúró máa ju aṣọ, kí àgbà máa yí nínú ẹrẹ̀? Wọ́n kọ́ mi nílé.

Tọ́sìdeè, 8 Fẹ́búárì
Mo tún bá Ojú-Ológbò, padrone wa, ọ̀gá tó ni ọkọ̀, sọ̀rọ̀ iná orí ọkọ̀. Látìgbà Kérésì ni kò ti tàn mọ́. Aṣọ tó ń dán lójú iná náà, a ò ní. Ó ní "domani", ó di ọ̀la. Ó ní ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó máa lọ. Ó mọ̀ pé mi ò lè lọ. Bí kò bá fọwọ́ sí i pé òun gbà mí síṣẹ́, kò sí permesso, ìwé ìgbélùú. Bí kò bá sí permesso, ìyàwó mi àti Iyìolúwa ọmọ wa ò lè kúrò ní Ìbàdàn. Inú ń bí mi. Ẹ̀rù sì ń bà mí.

Fráídeè, 9 Fẹ́búárì
Tírélà gbá Bọ̀ọ̀dá Oyèkọ́lá. Abẹ́ mọ́tò ni mo wà, ìró bíréèkì ni mo gbọ́.

Sátidé, 10 Fẹ́búárì
Itan wọn ló ṣẹ́. Awakọ̀ ní òun ò rí ẹnì kankan nínú kùrukùru. Ojú-Ológbò dé, ó kọ́kọ́ yí ọkọ̀ ẹ̀ po, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

Sọ́ńdè, 11 Fẹ́búárì
Mo lọ kí wọn ní ospedale, ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé wọn lọ, lẹ́yìn ìsìn. Mo sunkún. Mo ní ibi tó rọrùn ni mo rò pé mo fi wọ́n sí.
Wọ́n ní, "Ọlábánjí, ta ló sọ fún ẹ pé ó rọrùn? Mo mọ̀ látọjọ́ tá a ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ ò tíì gbé Iyìolúwa rí."


Wẹ́sìdeè, 14 Fẹ́búárì
Ojú-Ológbò ti mú ẹlòmíì wá — Nàfíù, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, láti àdúgbò Sampierdarena. Ìyàwó ẹ̀ lóyún. Ọmọlúàbí ni, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi lójú títì. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti gba ìkọ́ lọ́wọ́ mi.
"Bọ̀ọ̀dá, ẹ má dọ̀tí ara yín. Ẹ bá wa di àsíá mú."
Kùrukùru ò tíì lọ. Iná ò tíì tàn. Mo fẹ́ sọ fún un pé ibi àsíá ló léwu jù. Àmọ́ bí mo bá sọ, ó máa ní òun ni kóun lọ dúró síbẹ̀. Mo mú àsíá, mo kọjú sí àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀.