Mo Ti Dá Bàbá Rẹ Lóhùn

Àkọ́bí mi, ọmọ tó kọ́ mi ní orúkọ ìyá,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Mo kí onílé yín náà, ìyẹn tí kò bá tíì fi kún owó ilé. Tó bá ti fi kún un, má bá mi kí i. Ọlọ́run tó ń bá ẹni tó wà nílé ṣọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn odi ni mo fi ọ́ lé lọ́wọ́ kí n tó mú bírò. Ara mi le. Orúnkún tó ń dùn mí ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n a ti mọwọ́ ara wa, kò dẹ́rù bà mí mọ́. Ewúrẹ́ ti bímọ. Òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò níbi tó ti ń jò nígbà tí o wà ní kékeré, àbúrò bàbá rẹ tó jẹ́ kápẹ́ńtà ní òun máa tún un ṣe lọ́la, o sì mọ ọ̀la tirẹ̀.

Awakọ̀ tó ń kó ẹ̀fọ́ wá sí ìlú ńlá ni mo fi ìwé yìí rán. Mi ò lè pè ọ́, torí o ní ẹnu ọ̀nà báńkì tí o ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ti ń gba fóònù lọ́wọ́ yín láàárọ̀, tó bá sì fi máa di ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n á dá tìrẹ padà, iná ti tán nínú tèmi. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni, torí ọ̀rọ̀ èmi àti bàbá rẹ ló wà nínú rẹ̀.

O gbọ́ pé bàbá rẹ ti kọjá ẹnubodè lọ ṣán oko tuntun nílẹ̀ onílẹ̀, ṣùgbọ́n o ò mọ bó ṣe jẹ́, torí bàbá rẹ kì í sọ ohun tó ń dùn wọ́n fún ọmọ. Olórí orílẹ̀-èdè wa tó jẹ ṣáájú èyí ló ṣí ẹnubodè sílẹ̀ fún àgbàdo òkèèrè. Ó jókòó sínú yàrá tútù, ó fọwọ́ sí ìwé kan, kò pẹ́ kò jìnnà, àgbàdo tí bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbìn, kò sẹ́ni tó tún bojú wò ó lọ́jà. Inú abà ló wà tí kòkòrò fi jẹ ẹ́. Àgbàdo là ń gbìn tẹ́lẹ̀, lọ́dún yẹn kòkòrò là ń sìn. Èyí tó wá jẹ lẹ́yìn rẹ̀ ní òun fẹ́ràn àgbẹ̀, ó sì ń fẹ́ràn wa lórí rédíò láràárọ̀. Wọ́n kó fọ́ọ̀mù ajílẹ̀ wá, a kọ ọ́. A ti kórè tán kí ajílẹ̀ tó dé. Ọ̀gá tó gbé e wá ní kí gbogbo wa dúró yí àpò kan ká, ó yà wá ní fọ́tò, ó sì gbé àpò náà padà sínú ọkọ̀. Mo rò pé ó fẹ́ lọ kó ìyókù wá ni, mo mú ìgbálẹ̀, mo gbá ibi tí a máa tò wọ́n sí. Ìgbà tí mo lọ kí àbúrò mi obìnrin ní abúlé kejì ló ní àwọn náà ti yà fọ́tò pẹ̀lú àpò kan tó ya létí. Tiwa náà ya létí.

Àsìkò yẹn ni bàbá rẹ gbọ́ nípa ilẹ̀ tí wọ́n wà báyìí. Wọ́n ní olórí tuntun tó jẹ níbẹ̀ ti kéde pé ẹni tó bá lè ṣán igbó kó sì hú kùkùté rẹ̀, kó máa dáko níbẹ̀, ì báà ṣe àlejò. Wọ́n ní ìjọba á sọ iye tí wọ́n máa ra àgbàdo kí àgbẹ̀ tó gbìn ín, wọn ò sì ní yí i padà. Bàbá rẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń tún un sọ ṣáá. Wọ́n ní láti kékeré tí àwọn ti ń dáko, àwọn ò tíì gbin nǹkan rí kí àwọn mọ̀ bóyá ẹnì kankan máa fẹ́ ẹ. Wọ́n ní ká jọ máa lọ. Mo ní mi ò lè lọ máa bá kùkùté ja ìjàkadì lọ́jọ́ ogbó. Wọn ò bínú, wọ́n pọ́n àdá wọn, wọ́n lọ.

Ọmọ mi, àárò bàbá rẹ ń sọ mí. Ó yẹ kójú tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí mo bí, ṣùgbọ́n ta ni kí n sọ ọ́ fún. Nígbà tí wọ́n wà nílé, ikọ́ wọn ló ń jí mi, màá ní ọkùnrin yìí ò jẹ́ kí èèyàn sùn. Ní báyìí mo ń sùn àsùnwọra, oorun náà ò dùn mọ́ mi. Oúnjẹ èèyàn méjì ni mo ṣì ń sè, ọwọ́ mi ò tíì gbọ́ pé wọ́n ti lọ. Ajá aládùúgbò ni mo ń fún ní tiwọn. Ajá náà ti sanra, ó ti wá ń wò mí bí ẹni pé òun ló fẹ́ mi sílé.

Jẹ́ kí n wá sọ ti fóònù fún ọ. Níbi tí bàbá rẹ wà, ìpè kì í wọlé rárá, àfi kí wọ́n gun òkè kan. Wọ́n gun òkè yẹn, wọ́n sì fi ohùn wọn ránṣẹ́ sí mi. Onígbàjámọ̀ tó máa ń bá wa fi iná sínú fóònù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fi àmì kékeré kan hàn mí, ó ní tí mo bá ti tẹ ibẹ̀, màá gbọ́ wọn. Mo tẹ̀ ẹ́, bàbá rẹ sì sọ̀rọ̀. Mo gbé fóònù, mo sá lọ sẹ́yìn ilé, torí mi ò lè máa bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ lójú àwọn tó wá gẹrun.

Wọ́n ní, ìyá àwọn ọmọ, ṣé o wà ńbẹ̀. Mo ní mo wà ńbẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ náà dúdú, ó sì rọ̀, àmọ́ gbòǹgbò inú rẹ̀ le ju orí kunkun lọ, àdá kan ti kán sí i. Wọ́n wúkọ́ díẹ̀. Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ wá oyin lá. Wọ́n ní àwọn ti ṣán an, àwọn ti sun ún, ó ku kùkùté, àwọn sì ti kọ́ ahéré oníyàrá kan, pé ìhà tí oòrùn ti ń yọ ni àwọn kọjú fèrèsé rẹ̀ sí, torí àwọn mọ̀ pé mo fẹ́ràn kí ìmọ́lẹ̀ bá mi lórí ẹní. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò dúró dè mí, wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Wọ́n ní ohun kan ló ń ba àwọn lẹ́rù, pé ilẹ̀ tí olórí kan fi fúnni, olórí mìíràn lè gbà á, pé àwọn ọmọ onílẹ̀ kan sì ti ń wo àwọn àlejò ní ìwòkuwò. Mo ní ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹun lábẹ́ èyí tó wà ńbẹ̀ ná. Wọ́n ní bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn máa gbìn, èèyàn kan ò sì lè dá a gbìn, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí iṣẹ́ ni àwọn ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n ní ṣé mo máa wá. Wọ́n ní kí n dá àwọn lóhùn, pé tí mi ò bá dáhùn, àwọn á mọ̀ pé mi ò fẹ́, àwọn ò ní bínú, àwọn á máa fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi, àmọ́ àwọn ò ní bi mí mọ́.

Mo dáhùn. Mi ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní mo ń bọ̀. Mo sọ ọ́ sókè débi pé adìẹ tó ń sàba fò kúrò lórí ẹyin. Bàbá rẹ ò sì sọ nǹkan kan mọ́. Mo ní ayọ̀ ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn.

Lọ́jọ́ kejì, mo tẹ àmì yẹn pé kí n kí wọn kú àárọ̀, àfi bí wọ́n ṣe tún bi mí. Gbogbo rẹ̀ pátá, láti orí ṣé o wà ńbẹ̀. Wọ́n wúkọ́ níbi àdá tó kán, mo tún ní kí wọ́n lá oyin. Lọ́jọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọmọ mi, ogbó ti ń mú etí bàbá rẹ, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo ti fura, mo ń fara balẹ̀ dá wọn lóhùn bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ ni. Àkùkọ kan tún wà níbẹ̀ tó máa ń kọ gẹ́lẹ́ tí wọ́n bá ti dárúkọ fèrèsé. Mo tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ó kọ. Mo tẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án gangan, ó kọ. Mo ní ẹ ò rí i, ibi tí olórí bá ti mọ iṣẹ́ rẹ̀, àkùkọ pàápàá á mọ tirẹ̀. Tiwa níbí, ìgbà tó bá wù ú ló ń kọ.

Onígbàjámọ̀ bi mí bóyá mo ti fi èsì ránṣẹ́. Ó ní àmì kan wà nísàlẹ̀ tó dà bí ẹ̀rọ tí àwọn akọrin máa ń gbé sẹ́nu, pé òun ni màá dì mú kí n tó sọ̀rọ̀. Mo ní ẹ ṣé o, èmi kì í ṣe akọrin, ọkọ mi sì ti ń gbọ́ mi láìsí ẹ̀rọ. Ó tún fẹ́ sọ̀rọ̀, oníbàárà kan wọlé, mo bá tèmi lọ. Ọmọ dáadáa ni, àmọ́ ó fẹ́ràn kó máa kọ́ àgbà ní nǹkan tí àgbà ti mọ̀.

Mo ti ń múra. Mo lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ìrìnnà. Ẹni tó yà mí ní fọ́tò ní mi ò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ló dé, ó ní wọn ò gbà á. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀ nípa ilẹ̀ tí wọn kì í fẹ́ rí eyín àlejò, ṣùgbọ́n mo di ẹnu mi. Fọ́ọ̀mù wọn bi mí pé kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, mo kọ ọ́ pé ọkọ mi. Akọ̀wé ní kí n kọ ọ́ pé àbẹ̀wò ni tàbí iṣẹ́. Mo ní èèyàn kì í ṣe àbẹ̀wò sí ọkọ ara rẹ̀, bó bá sì jẹ́ pé iṣẹ́ ni, wọn kì í sanwó rẹ̀. Ó ní ọjọ́ mélòó ni mo máa lò. Mo kọ ọ́ pé títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù mìíràn.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ níbí, ó sì gbọ́dọ̀ ti rọ̀ lọ́dọ̀ wọn náà, torí ohùn tuntun dé láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ lẹ́yìn rẹ̀. Kò gùn. Wọ́n ní ó dáa, àwọn ti rí èsì mi, ó yé àwọn, àwọn ò sì ní bi mí mọ́. Wọ́n ní kí n tọ́jú orúnkún mi. Wọ́n ní àwọn ti fi pákó kan fèrèsé yẹn pa, torí òjò ń gbabẹ̀ wọlé. Inú mi dùn pé wọ́n ti gbọ́ níkẹyìn, mo sì ní kò sí wàhálà, tí mo bá dé màá ṣí i. Ṣùgbọ́n, ọmọ mi, ohùn yẹn ò jẹ́ kí ara mi balẹ̀. Mo mọ ohùn ọkọ mi. Kì í ṣe ohùn ẹni tí wọ́n sọ fún pé mo ń bọ̀ nìyẹn. Mo bi wọ́n pé kí ló ṣe yín, wọn ò dá mi lóhùn.

Ohun tí mo fẹ́ kí o bá mi ṣe nìyí. Onígbàjámọ̀ ti kọ nọ́ńbà tuntun tí wọ́n ń lò níbẹ̀ sẹ́yìn ìwé yìí. Bá mi wá wọn títí wọ́n á fi gun òkè. Má wulẹ̀ bi wọ́n bóyá wọ́n gbọ́ mi, wọ́n ti ní àwọn gbọ́. Bi wọ́n ní ohun tó ń dùn wọ́n. Ọmọ lè rí i gbà lẹ́nu bàbá.

Níwọ̀n bí ìwọ àti olórí wa ti jọ ń gbé ìlú kan, tí o bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, kúnlẹ̀ kí i dáadáa, má sọ̀rọ̀ àpò ajílẹ̀ fún un, má dójú tì í. Kàn sọ fún un pé kó máa sọ iye tó máa ra àgbàdo kí á tó gbìn ín. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ó ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni, bàbá rẹ á wà lórí àga wọn báyìí, wọ́n á máa wúkọ́.

Mo tún fẹ́ kí o wá owó ọkọ̀ fún mi. Mo gbọ́ pé owó tó wà lẹ́yìn gíláàsì yín kàn ń sùn síbẹ̀ ni, pé ẹlòmíràn á fi sílẹ̀ fọ́dún kan láìwá wò ó. Rọra bi ọ̀gá rẹ bóyá a lè jí díẹ̀ nínú rẹ̀ lójú oorun, kó gbé mi dé ẹnubodè, tí mo bá ti ta àgbàdo ilẹ̀ tuntun, ó máa padà wá sùn. Tí kò bá gbà, má bá a jà, fi ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ rẹ rán awakọ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́.

Ilé ọkọ rẹ ò ní tú. Ibi tí o bá fọwọ́ lé, á gbà ọ́. Àwọn ọmọ rẹ ò ní jìnnà sí ọ ju ibi tí ohùn rẹ lè dé lọ. Àmín.

Èmi ìyá rẹ tó ti di ẹrù sílẹ̀ ló kọ ọ́. Ohùn tuntun yẹn, mi ò tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ti àkọ́kọ́ ni mò ń tẹ̀, èyí tí wọ́n ti ń bi mí. Kí n tó di ìwé yìí, mo tún gbé fóònù lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n ní ṣé mo máa wá, mo sì ní mo ń bọ̀.