Ẹni Tó Kọ́kọ́ Mú Ni Yóò Kọ́kọ́ Wọ Omi

Bàbá mi ọ̀wọ́n, apẹja Elékò,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá sọ́dọ̀ yín, torí mi ò rẹ́ni sọ ọ́ fún.

Ṣé ẹ rántí eré tí ẹ máa ń pè ní lúdò àwọn aláìríṣẹ́ṣe? A ṣì ń ṣe é ní yàrá mi ní Ajah, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Èmi ni mò ń sọ ìtàn, èmi ni mò ń kó ọ̀tá jáde. Bọ̀dá Káyọ̀dé àti Wúrà àbúrò mi ní jagunjagun kọ̀ọ̀kan nínú ìtàn náà. Tí wọ́n bá fẹ́ gbìyànjú nǹkan, wọ́n á ju dáìsì, dáìsì ló máa sọ bóyá ó ṣeé ṣe.

Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́. Láti ìgbà tí Bọ̀dá ti ta ọkọ̀ ìpẹja yín lẹ́yìn ikú yín láì bi ẹnikẹ́ni, tó bá pe Wúrà lórí fóònù, Wúrà kì í gbé e mọ́. Ìdí tábìlì eré yẹn nìkan ni wọ́n ti ń jókòó pọ̀. Tí eré yìí bá tú ká, ilé yín náà tú ká nìyẹn.

Ó sì ti fẹ́ tú ká, èmi ni mo fà á. Bí ẹ ṣe kọ́ wa nílé ni mo ṣe ń pín ìṣúra inú ìtàn: ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ mú. Bọ̀dá mú idà oníná, ó mú ẹ̀wù tí ọfà ò ran, ó mú òrùka tó ń wo ọgbẹ́ sàn. Kí ló kù fún Wúrà? Àtùpà àti okùn! Ọ̀tá yòówù kó yọjú, Bọ̀dá á ti gé e lórí kí Wúrà tó mú dáìsì. Mo wá gbé ọ̀tá tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ dé, Wúrà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dé láti ṣọ́ọ̀ṣì nínú sùtánà funfun rẹ̀. Nígbà tó ń lọ, ó kó dáìsì rẹ̀ sí báàgì. Kò kó o lọ rí. Ó jọ pé kò fẹ́ padà wá mọ́.

Kí n gba idà lọ́wọ́ Bọ̀dá ni? Ẹ mọ ọmọ yín. Ọ̀gá tó ń wa kéréènì tó ń gbé ẹrù ńlá ní àwọn iléeṣẹ́ Free Zone, èmi àbúrò rẹ̀ ni kí n wá gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀? Á dìde ni, kò sì ní padà wá.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí yín. Ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ mú ẹja tó tóbi jù, kò sẹ́ni tó ń jiyàn. Ṣùgbọ́n láàárọ̀, tí omi tutù, tí ìgbì ń bínú, ẹ̀yin náà lẹ máa ń kọ́kọ́ wọ omi, tí ẹ máa fi àyà di ọkọ̀ mú kí àwọn yòókù tó wọ̀ ọ́. Kí ló dé tó jẹ́ ìdajì ẹ̀kọ́ yẹn péré ni mo mú dání?

Lónìí, mo sọ ọ́ di òfin eré wa. Mo gbé wọn dé odò tó kún, ọkọ̀ kan kún fún ọmọdé, odò ń gbé e lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ mú ni yóò kọ́kọ́ wọ omi. Bọ̀dá wọ̀ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lára ọkọ̀, kò lè yọ idà. Ó ju dáìsì, kò dáa. Ó tún jù, omi dé ọrùn. Tó bá ju ọkọ̀ sílẹ̀, á yè. Wúrà gbé báàgì lé itan, kò mira.

Bọ̀dá ò jù ú sílẹ̀. Ó yíjú sí Wúrà, ó ní kó jọ̀ọ́, kó ju okùn. Ṣé ẹ ti gbọ́ jọ̀ọ́ lẹ́nu ọmọ yín yẹn rí?

Wúrà ṣí báàgì, ó mú dáìsì jáde, ó jù ú. Ó kàn dáa díẹ̀ ni, àmọ́ okùn dé ibẹ̀, ó fà wọ́n gúnlẹ̀.

Nígbà tí eré parí, tí wọ́n ń wọ bàtà, Bọ̀dá tún sọ jọ̀ọ́ yẹn fún Wúrà lẹ́ẹ̀kejì. Ìtàn ti tán nígbà yẹn, kò sí odò níbẹ̀ mọ́; torí ọkọ̀ yín ló ṣe ń bẹ̀ ẹ́. Wúrà kàn jáde.

Àmọ́ dáìsì rẹ̀ nìyí lórí tábìlì mi, Bàbá. Ó fi í sílẹ̀.

Ẹ máa bá wa di ọkọ̀ mú.

Èmi ni, ọmọ yín tó wà láàárín, tí àárò yín ń sọ gan-an.