Gbogbo Ayé Ló Ń Bi Mí Pé Èló Ni Mo Ra Ilé Onítáyà Wa

Janelle ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù Ṣikágò, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìnáwó, mo sì kí ọ kú àìráyè. Ọlọ́run tó ń mú oòrùn ràn sórí àpáta níbí kò ní gbàgbé fèrèsé tìrẹ níbẹ̀. Èmi bàbá rẹ wà láàyè, mo dúpẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń dùn mí díẹ̀, ti òsì ò tíì gbọ́. Inú aṣálẹ̀ Arisona yìí náà ni mo wà, nínú ilé onítáyà wa tí ọkọ̀ ń fà, ní ibùdó tí èmi àti ìyá rẹ wá lọ́dún tó kọjá, àyè kan náà gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún tó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró.

Lẹ́tà ni mo kọ nítorí pé fóònù ò gbà fún mi. Mo pè ọ́ lọ́jọ́ Àìkú, ohùn rẹ ló dáhùn, ó ní o ò sí nítòsí, kí n sọ ohun tí mo bá fẹ́ sọ. Inú mi dùn pé mo gbọ́ ọ. Mo ní kò burú, ṣé o ti jẹun, o ò dáhùn, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ajá Wendell aládùúgbò mi níbí ṣe gbé bàtà mi sá lọ, ìtàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ débi tó dùn ni nǹkan kan ké pìì, o sì ti gé e. Mo tún pè, o tún sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn gẹ́lẹ́, mo wá mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ọ́. Báńkì nìkan ló ń kọ̀wé sí mi déédéé. Wọ́n bi mí lórí fóònù pé ṣé èmi ni mo ra epo lójú ọ̀nà, kí n dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo kọ ọ́ sí wọn pé bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni, ìyàwó mi ló máa ń tọ́jú owó tẹ́lẹ̀ kó tó kú, aṣálẹ̀ ni mò ń lọ, atẹ́gùn pọ̀ lọ́nà, ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé ará le? Wọ́n ní ọ̀rọ̀ mi ò yé àwọn, kí n dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn náà níṣẹ́ lọ́wọ́. Obìnrin inú fóònù tó máa ń júwe ọ̀nà, àwa méjèèjì jọ rìn dáadáa láti Nebraska, ó ń sọ fún mi pé kí n yà sọ́tùn-ún, èmi náà ń sọ fún un pé ẹ ṣeun, ìyá. Nígbà tí a dé, ó ní a ti dé. Láti ọjọ́ náà kò bá mi sọ nǹkan kan mọ́.

Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí? Tí o bá fẹ́ àlejò, o máa gbé àga síta lábẹ́ àtíbàbà. Tí o ò bá fẹ́, o máa ká àga rẹ wọlé, kò sì sẹ́ni tó máa yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹni tó bá rí àga níta á rìn wá. Kò ní béèrè orúkọ rẹ, kò ní béèrè ibi tí o ti wá, ohun àkọ́kọ́ tó máa sọ ni pé ẹ nlẹ́ o, ilé onítáyà yín yìí mà dára o, ẹ má bínú, èló lẹ rà á? Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ẹnì kan kọ́kọ́ bi mí bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n lé e. O mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé. Ọkùnrin kì í bi ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ pé màlúù mélòó lo ní, àfi bí ẹni pé kó tú àpò ṣòkòtò rẹ̀ síta lójú gbogbo ènìyàn. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìyá rẹ ló fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, ó ní Verlyn, fara balẹ̀ o jàre, kì í ṣe owó rẹ ló ń wá, ọ̀rọ̀ ló ń wá. Ló bá bu kọfí fún ọkùnrin náà. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti mọ orúkọ ìyàwó rẹ̀, a ti mọ èyí tó ń ya aláìgbọ́ràn nínú àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì ti bá wa tún ẹnu ọ̀nà ṣe.

Lọ́dún yìí, èmi nìkan ni, àga kan ṣoṣo ni mò ń gbé síta. Ẹni tó bá dé, mo máa ń tètè sọ iye fún un nítorí mi ò fẹ́ kó rò pé mo ń yangàn, á ní háà, ẹ ṣeun, òun ń bọ̀, á sì lọ. Wendell ló là mí lóye. Wendell ni arúgbó tó wà lápá òsì mi, ilé onítáyà tirẹ̀ ti dípẹtà débi pé kò sẹ́ni tó ń bi í mọ́. Ó ní ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé o ò gbọ́n ni? Wọ́n bi ọ́, o sì ń dáhùn! Ó ní ẹni tó bá ti gbọ́ iye ti gba ohun tó wá gbà nìyẹn, sọ fún un pé kó fojú díwọ̀n rẹ̀. Á sọ iye kan, kí o rẹ́rìn-ín, kí o ní kó kọ́kọ́ wọlé wò ó ná. Á wọlé, á tún sọ òmíràn, kí o mi orí. Ó ní nígbà yẹn, ó ti di ife kọfí kejì. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn, ó sì ń ṣiṣẹ́. Tọkọtaya kan láti Oregon fojú díwọ̀n títí ebi fi pa wá, mo se ẹ̀wà ẹlẹ́ran ẹlẹ́dẹ̀, a jọ jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n lọ, mo jókòó síbẹ̀, mi ò fọ abọ́, nítorí abọ́ mẹ́ta wà lórí tábìlì, ó wù mí láti máa wò ó.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìdúpẹ́ tí gbogbo ilẹ̀ yìí ń jẹ tòlótòló, o wá sọ́dọ̀ mi. Mo mọ̀ pé o ò ráyè, o ò tilẹ̀ jókòó, tòlótòló inú agolo tí mo gbé kaná ò tíì gbóná tí o ti ń wo aago. Ṣùgbọ́n mo rí ọ tí o ń fi fóònù ya àwòrán. O ya iwájú ilé, o ya ẹ̀yìn rẹ̀, o ya táyà, o ya sítóòfù, o ya bẹ́ẹ̀dì, o ya ìjókòó etí fèrèsé tí ìyá rẹ máa ń jókòó sí, o tilẹ̀ ní kí n jọ̀ọ́ kí n gbé fìlà rẹ̀ kúrò lára ìṣó. Mo sọ lọ́kàn mi pé ọmọ yìí mà fẹ́ràn ìyá rẹ̀ o. Lẹ́yìn náà ni o sọ fún mi nípa ilé kan ní Ṣikágò tí wọ́n ti ń dáná fún àwọn àgbàlagbà, tí aago wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, téèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ẹnì kan á wá. Mo bi ọ́ pé èló ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. O bínú, o ní bàbá, ẹ wò ó, ẹ ò tilẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí sí. Mo kà á sí o. Mo fẹ́ kí a jọ sọ̀rọ̀ ni, bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ níbí nìyẹn.

Láti ìgbà tí o lọ, àlejò mi ti pọ̀ sí i, mo sì rò pé àwọn àwòrán rẹ ló sọ mí di gbajúmọ̀. Ìrìn àwọn yìí yàtọ̀. Wọ́n á mú fóònù lọ́wọ́, wọ́n á wo fóònù, wọ́n á wo ilé mi. Wọ́n ń kan ògiri, wọ́n ń ta táyà nípàá, wọ́n ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ibi tí aṣọ ìyá rẹ wà. Mo ní ará ìlú ńlá ni wọ́n, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Gbogbo wọn ló ń bi mí pé èló ni mo rà á, mo ní kí wọ́n fojú díwọ̀n, àwọn kan ò rẹ́rìn-ín. Mo ra ife sí i.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ọkọ àti aya kan dé, Royce àti Glenda Ostrander, wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tó ní ìkọ́ lẹ́yìn wá. Wendell wà lọ́dọ̀ mi. Royce ò mu kọfí, ó ní ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ jẹ́ ká má fi àkókò ṣòfò, iye tí ọmọ yín kọ síbẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n òun fẹ́ mọ iye tí ẹ̀yin fúnra yín san. Mo ní ọmọ mi kẹ̀? Ló bá fi fóònù hàn mí. Ilé wa ni lóòótọ́, àga mi níta, ìjókòó etí fèrèsé, ìṣó tí kò sí fìlà lára rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé títà ni, pé ẹni tó ni ín ti dàgbà, kò rìnrìn àjò mọ́. Nọ́ńbà rẹ ló wà nísàlẹ̀.

Mo sọ fún un pé olè ti jí nọ́ńbà rẹ. Mo ní ọmọ mi ò lè ta ilé tí mò ń gbé láìsọ fún mi. Mo wo Wendell kó lè gbè mí lẹ́sẹ̀, ó tẹjú mọ́ inú kọfí rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan já bọ́ sínú rẹ̀. Ó wá ní Verlyn, dá ọkùnrin náà lóhùn ohun tó bi ọ́. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí, ìwọ ọmọ yìí. Mi ò ní kó fojú díwọ̀n mọ́.

Mo ní pápá etí odò ni mo san. Mo ní bàbá mi ló fi sílẹ̀ fún mi, bàbá tirẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un, ibẹ̀ ni ọmọ mi ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun ẹṣin. Mo tà á nítorí dókítà ti sọ fún wa pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìgbà òtútù kan ló kù fún LaVonne ìyàwó mi, ó sì ní ibi tí òun kò ti ní rí yìnyín lòun ti fẹ́ lò ó. Mo ní ìgbà òtútù kan yẹn gan-an ni mo rà, ilé yìí kàn bá a wá ni. Royce ní ṣé kò wá wọ́n jù báyìí, bàbá? Mo ní kò wọ́n.

Glenda ti jókòó sí etí fèrèsé. Ó dìde níbẹ̀ wéré, ó fi ọwọ́ nu ìjókòó náà, ó mú ọkọ rẹ̀ lápá, ó ní Royce, ó yá, ká máa lọ. Ṣùgbọ́n Royce ní kí n má bínú, òun á padà wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, torí òun àti ìwọ Janelle ti jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Janelle, mi ò sọ pé ìwọ ni. Tó bá jẹ́ olè ni, lọ sọ fún ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n tí kì í bá ṣe olè, ó dùn mí, mo sì fẹ́ kí o mọ̀ pé ó dùn mí. Mi ò fẹ́ tà á. Mo mọ̀ pé o ti ń rò ó láti ìgbà tí mo ta pápá yẹn pé bàbá rẹ ti ya òmùgọ̀, ó fi ogún ra ohun ìṣeré. Ìyá rẹ ló ní ká má sọ ti dókítà fún ọ, kí o má bàa fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀, lẹ́yìn tó lọ, mi ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Gbogbo ayé ló ti bi mí ní ọ̀rọ̀ yìí, àlejò, ọlọ́dẹ ẹnu géètì, ọmọ kékeré tó ń kó ìdọ̀tí. Ìwọ nìkan ni o ò bi mí rí. Ká ní o bi mí ni, ǹ bá ti sọ fún ọ.

Ní ti owó, gáàsì mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, òtútù aṣálẹ̀ sì ń mú láàárọ̀, jọ̀wọ́ fún mi ní ìwọ̀nba tó máa kún agolo kan. Má fi ránṣẹ́ sínú fóònù, fóònù náà ti ń kọ ọ́ sí mi pé àyè ti kún. Fi ọwọ́ ara rẹ mú un wá, kó tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ilé-iṣẹ́ rẹ kò ní fi ọ́ sílẹ̀, ọ̀nà kò ní nà ọ́, ohun tí o bá fi ọkàn rà kò ní bà jẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, o kò sì ní dàgbà síbi tí kò ti sẹ́ni tó máa bi ọ́ ní nǹkan kan.

Èmi ni bàbá rẹ,
Verlyn Haverkamp.

Mo tún rántí. Mo ti gbé àga ìyá rẹ jáde, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi níta. Tí o bá dé, tí o ò bá mọ ibi tí o ti máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kàn bi mí pé èló ni mo rà á. Ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀.